Aṣọ Ìnura tí Bàbá Mùínà Jù

Kò sí ẹni tí Bàbá Mùínà, ọkọ mi, kí tí wọn kò kọ́kọ́ fi ojú wọ̀n. Ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, Hábíbà, torí wọ́n ń wọ̀n ọ́ títí o fi wọ yunifásítì. Bí àlejò bá ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọn á gbé orí sókè, wọn á wo ọrùn rẹ̀, wọn á wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀, wọn á wá rọra sọ fún mi pé, "Eléyìí ti fúyẹ́ láti ọdún iléyá," tàbí, "Ìyàwó rẹ̀ ti ń sebẹ̀ báyìí." Bí ọkùnrin tó sanra bá wọlé, wọn á dìde dúró fún un, wọn á ní, "Ẹ kú ìwúwo o!" Àwọn mìíràn á rẹ́rìn-ín. Àna wa kan bínú gidi, kò fọwọ́ kan tùwó wa lọ́jọ́ náà. Nígbà tó lọ tán mo ní, "Bàbá Mùínà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé àna dànù fún wa." Wọ́n ní, "Ṣé mo bú u ni? Ẹni tí Ọlọ́run di ẹrù fún, ṣé a kì í kí i ni?"

Èmi gan-an, bí wọ́n ṣe fẹ́ mi nìyẹn. Ọjọ́ tí àwọn ẹbí wọn wá sílé bàbá mi, mo gbé omi jáde, ẹ̀gbọ́n wọn sì bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí. Wọn ò mọ̀ pé mo ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n ní, "Ọmọ náà fúyẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló wúwo."

Inú opó ni mo wà báyìí. Mi ò gbọdọ̀ jáde, fèrèsé yàrá mi sì kọjú sí ibi tí a sin wọ́n sí nínú àgbàlá wa ní Pàkátà. Ọ̀rọ̀ sísọ ló kù tí mo lè ṣe. Èmi ò mọ̀wé kọ, ìdí nìyẹn tí mo fi pè ọ́, ìwọ ọmọ ọmọ mi. Ṣùgbọ́n má bá mi tún ọ̀rọ̀ mi ṣe, bí mo ṣe wí i ni kí o kọ ọ́. Kì í ṣe ìtàn ìgbésí ayé wọn ni mò ń pa. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọdún tí a bí wọn, àwọn fúnra wọn ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ kan ló wà nígboro Ìlọrin nípa wọn tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ ọmọ gbọ́ lẹ́nu mi: pé àwọn ni bàbá tó gba bẹ́líìtì mọ́ ọmọ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ni Mùínà, àkọ́bí wa, ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ, gbé lọ sí Minna, tí kò fi tẹ ilé yìí mọ́ títí bàbá rẹ̀ fi kú.

Ọkà bàbà àti àgbàdo ni wọ́n ń tà ní ọjà Ìpàta, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ni wọ́n fẹ́ràn. Nígbà ọ̀dọ́, wọ́n bá ọ̀gá wọn ta ọkà ní Kàdúná, ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Imú wọn tó wọ́ yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti rà á. Nígbà tí wọ́n padà wálé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lẹ́yìn ìsọ̀ wọn, bí ọjà bá ti ń tú.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Wọ́n máa ń wọn àwọn tó fẹ́ jà ni, bí ẹni wọn ọkà. Àwọn tí ìwọ̀n wọn bá sún mọ́ra ni wọ́n ń fi kojú ara wọn, ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ló sì ní bẹ́líìtì tirẹ̀. Bí ẹni tó ti gba bẹ́líìtì nínú ìwọ̀n kékeré bá fẹ́ òkìkí tó ju tiẹ̀ lọ, ó lè jẹun kún ara, kó gòkè lọ bá àwọn tó tóbi jù ú. Ṣé kó lọ ni àbí kó jókòó sí tirẹ̀? Ọ̀rọ̀ yẹn ni Bàbá Mùínà fi ṣe ayé. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè pé ṣé wọ́n ti jẹun, ó lè jẹ́ òun ni wọn á fi dáhùn.

Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àpò ọkà náà ni wọ́n fi ń wọn àwọn ọmọ ẹ̀ṣẹ́ wọn. Láàárọ̀ Jímọ̀, kí ọjà tó gbóná, àwọn ọmọ á bọ́ra kù ṣòkòtò, wọn á máa gun orí irin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn alárù á sì yí wọn ká.

"Bàbá, èló ni kóńgò eléyìí?"

"Ẹ má bu èyí fún mi o, kòkòrò ti wọ̀ ọ́!"

Ọmọkùnrin kan wà tó ń fi gbogbo ọ̀nà wá bó ṣe máa bọ́ sí ìwọ̀n tó wà lókè tirẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan ó ti mu omi títí ikùn rẹ̀ fi le bí ìlù. Ó gun òṣùwọ̀n, ìwọ̀n náà sì pé. Bàbá Mùínà ní, "Ó dáa. Má tíì sọ̀ kalẹ̀." Wọ́n yíjú sí oníbàárà, wọ́n ń wọn ọkà fún un nínú kóńgò. Ọmọ náà dúró, ó ń pa ẹsẹ̀ pọ̀, ó ń yí ẹsẹ̀ padà. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́." "Mò ń bọ̀." "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé." Àwọn alárù ti dùbúlẹ̀ sórí àpò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó sáré lọ tó sì padà dé, wọ́n tún ní kó gùn ún, ìwọ̀n sì ti já. Wọ́n gbá a léjìká pẹ́pẹ́. "Ọmọ mi, omi kì í kan ẹ̀ṣẹ́."

Àáfà Sàká ni wọ́n jọ máa ń fa ọ̀rọ̀ náà jù. Àáfà yìí ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ládùúgbò wa, ọ̀rẹ́ wọn láti kékeré. Bí wọ́n bá ti kí ìrun Alásàrí tán, àwọn méjèèjì á jókòó síwájú ilé pẹ̀lú tíì àti dàbínò, ariwo á sì bẹ̀rẹ̀.

"Ẹni tó ti na gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ tán," Àáfà á wí, "tó tún jókòó sáàárín wọn, ọmọdé ló ń nà. Kó gòkè!"

"Kó gòkè lọ síbo? Ṣé àjà ilé ni?"

"Ìwọ tó ò ń ta bàbà, kí lo mọ̀ nípa ògo? Ta ló pa Jàlúútù? Ṣé kì í ṣe Ànábì Dáúdà ni, tí orí rẹ̀ ò tó ìbàdí òmìrán yẹn?"

Bàbá Mùínà á mu tíì, wọn á fara balẹ̀ gbé ife kalẹ̀. "Ànábì Dáúdà mú kànnàkànnà dání, Sàká. Lọ́jọ́ tí rẹfirí bá gbà kí àwọn ọmọ mi mú kànnàkànnà wọ inú okùn ìjà, kí wọ́n lọ bá ẹni tó bá wù wọ́n."

Ọjọ́ kan wà tí Àáfà ò ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n bi ọkọ mi pé kí gan-an ni wọ́n ń bẹ̀rù. Bàbá Mùínà ní, "Ẹni tó bá jẹun, ẹran ló ń fi kún ara. Kò sẹ́ni tó ń fi kún egungun. Ẹ̀ṣẹ́ ẹni ńlá kì í sì bá ẹran sọ̀rọ̀." Àáfà rò ó títí. Wọ́n ní, "Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni ò bá gòkè rí, báwo la ṣe máa mọ ibi tí Ọlọ́run pààlà agbára ẹ̀dá sí?" Mò ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo dúró kí n gbọ́ èsì. Ọkọ mi tó máa ń fèsì sí gbogbo nǹkan wo inú ife wọn. "Tíì ti tutù," ni wọ́n wí.

Wọn kì í jà. Ẹ ò ní gbà á gbọ́, ẹni tó ń kọ́ èèyàn ní ìjà. Lọ́jọ́ kan a jọ ń bọ̀ láti Post Office, awakọ̀ kẹ̀kẹ́ kan tó rí gbàǹgbà gbá ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ́rùn aṣọ mú, ó fẹ́ lù ú. Bàbá Mùínà bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ tiwa. Mo ní wọ́n fẹ́ là wọ́n ni. Wọn ò là wọ́n. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í yí awakọ̀ náà po, wọ́n ń wò ó láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra màlúù. Ọkùnrin náà ní, "Bàbá, kí lẹ̀ ń wò?" Wọ́n ní, "Mò ń wo bí ìwọ ṣe tóbi jù ú lọ tó. Nà án. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa fún ẹ ní bẹ́líìtì o." Gbogbo ibẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó fi ọrùn aṣọ náà sílẹ̀.

Mùínà ńkọ́? Mùínà gba bẹ́líìtì. Kì í ṣe torí pé èmi ni mo bí i, ọwọ́ ọmọ náà yá. Ó na gbogbo àwọn tó wà nínú ìwọ̀n rẹ̀, ó nà wọ́n tán. Nígbà náà làwọn kan wá láti Èkó pé kó gòkè ìwọ̀n méjì, kó wá bá ọkùnrin kan tí gbogbo ayé mọ̀ jà lórí bẹ́líìtì rẹ̀, Ìlọrin níbí ni wọ́n á sì ti ṣe é, lẹ́yìn ọdún ìtúnu àwẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ní rárá. Mùínà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú pálọ̀.

"Bàbá, láti kékeré lẹ ti ń kọ́ mi. Ṣé kí n lè máa ṣí àpò ọkà ní Ìpàta ni?"

"Mo kọ́ ẹ kí o lè dàgbà."

"Mo ti dàgbà."

"O ò tíì dàgbà. O kàn ga ni."

Ọmọ náà dìde, ó ní bí bàbá òun ò bá dúró ti òun, òun á wá ẹlòmíì. Àwẹ̀ sì wọlé. Ẹ wo irú wàhálà yẹn: ẹni tó ń wá ìwúwo, àwẹ̀ ló pàdé rẹ̀ lọ́nà. Àwọn ará Èkó ní kó má gbà á, pé aláìsàn àti arìnrìn-àjò ní ìyọ̀ǹda. Mùínà ní ara òun yá, òun ò sì rin ìrìn-àjò kankan, Pàkátà lòun wà. Ọmọ bàbá rẹ̀ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú àwẹ̀ náà, Bàbá Mùínà ti ọjà dé kí àkókò tó tó. Wọ́n gbé ọkà bàbà tó mọ́ jù nínú ọjà wọn kalẹ̀ níwájú mi, àti wàrà, àti ẹran.

"Ìyá Mùínà, ro tùwó kó pọ̀. Ti ìṣínu, ti sàárì."

Mo ní, "Ẹ ti gbà nìyẹn?"

"Mi ò gbà."

"Kí wá ni ti tùwó?"

Wọ́n ń bọ́ fìlà, wọn ò wojú mi. "Bó bá máa lọ, kò ní gbé ebi lọ láti ilé mi."

Láti ọjọ́ yẹn wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Nígbà tí àwẹ̀ fi máa tán, ọmọ náà ti kún, èjìká rẹ̀ ti fẹ̀, inú mi sì ń dùn bí mo ṣe ń wò ó. Lọ́jọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n, ó pé. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Bàbá rẹ̀ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú láàárín ìka méjì, wọ́n ní, "Ibí yìí kò gbọ́ pé a jẹ tùwó."

Mo lọ síbi ìjà náà. Èmi àti àwọn obìnrin Ìpàta jókòó pọ̀, a fi hìjáàbù bo ẹnu kí wọ́n má mọ̀ pé à ń pariwo. Ọkùnrin Èkó yẹn tóbi. Níbẹ̀rẹ̀ ìjà, ó gbá Mùínà ní ẹ̀ṣẹ́ kan tí mo gbọ́ ọ nínú ikùn mi níbi tí mo jókòó sí. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ò ṣubú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i po, ó ń wọlé, ó ń jáde, ó ń gbá a. Bí ìjà náà ṣe ń gùn sí i, àárẹ̀ ń mú ẹni ńlá náà. Ẹni tí ò mọ nǹkan kan nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn mọ̀ pé Mùínà ń borí. Gbogbo ilé ń pe orúkọ rẹ̀. Àáfà Sàká, tòun ti láwàní, ti gun orí àga.

Ó kù díẹ̀ kó parí. Mo rí ọkọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn, aṣọ ìnura funfun lọ́wọ́ wọn. Mo rò pé òógùn ni wọ́n fẹ́ nù. Wọ́n jù ú sáàárín ojú ìjà.

Rẹfirí dúró. Ó wo aṣọ náà, ó wo wọ́n. Nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, bí ẹni tó dúró ti abẹ̀ṣẹ́ bá ju aṣọ, ó ti gbà pé ẹni tirẹ̀ fìdí rẹmi nìyẹn, ìjà ti parí. Ariwo kú pátápátá. Ohùn ọmọ mi nìkan la gbọ́.

"Bàbá! Mò ń borí!"

"Mo mọ̀."

"Kí wá ló dé? Kí ló dé, Bàbá?"

Wọ́n ní, "Mo rí nǹkan." Wọn ò tún sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Mùínà di ẹrù, ó lọ. Kò sẹ́ni tó tún wá a fún ìjà, wọ́n ní ẹni tí bàbá rẹ̀ ń bá a gbà pé ó ṣubú kó tó ṣubú ni. Ó ń ta táyà ní Minna, ó fẹ́ ìyàwó níbẹ̀, àwa la lọ bá wọn ṣe nikáà, bàbá rẹ̀ ò lọ, Mùínà ò sì pè wọ́n.

Ní Ìpàta, àwọn kan ní ìlara ni. Àwọn kan ní ará Èkó ti rà wọ́n. Àwọn alárù sọ wọ́n ní Mo-rí-nǹkan. "Bàbá Mo-rí-nǹkan, ẹ káàárọ̀ o! Kí lẹ rí lónìí?" Wọn á ní, "Ìwọ ni mo rí, o ò tíì fọ ẹnu." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rín gbé e. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá délé, wọn á jókòó sórí àga tí Mùínà máa ń jókòó sí, wọn ò ní bọ́ bàtà. Mo bi wọ́n títí ó fi sú mi. "Kí lẹ rí?" Wọ́n ní, "Ìyá Mùínà, ohun tí mo rí kì í ṣe ọjà."

Àáfà Sàká ò wá jókòó mọ́. Ó pẹ́. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn Alásàrí, mo rí wọn tí wọ́n ń bọ̀ pẹ̀lú ọ̀rá dàbínò. Wọ́n jókòó, wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní, "Mi ò tíì dárí jì ẹ́ o. Ilé ló sú mi."

Bí Mùínà bá fi fóònù pè mí, mo máa ń gbé ohùn sókè, mo máa ń tún ohun tó bá sọ sọ, "Ṣé ọmọ ti ń rìn? Alhamudulilaahi, ọmọ ti ń rìn!" kí ẹni tó wà ní pálọ̀ lè gbọ́. Ẹni náà á máa ṣe bí ẹni tó ń wá gíláàsì. Ìgbà kan wọ́n rọra yọ sí mi, wọ́n ní, "Bi í bóyá orí ń fọ́ ọ." Mo bi í. Mùínà ní, "Ta ló ní kẹ́ ẹ bi mí?" Mo ní èmi ni. Ó ní, "Ìyá, ẹ ò mọ irọ́ pa."

Wọ́n ṣàìsàn, kò pẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì ni wọ́n lọ. Ìsìnkú tiwa kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá kú láàárọ̀, kí oòrùn tó wọ̀, ilẹ̀ ti gbà á. A pe Mùínà, ó gbéra lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀nà Mọ̀kwà ṣe bàjẹ́ tó. Àáfà Sàká ló ṣíwájú ìrun janáàsà, ohùn wọn ò gòkè. Àwọn ọkùnrin ń fọ iyẹ̀pẹ̀ ọwọ́ wọn nígbà tí Mùínà wọlé.

Bó ṣe wọ yàrá mi, èjìká òsì rẹ̀ kọlu férémù ilẹ̀kùn. Àwọn obìnrin ní ìbànújẹ́ ni. Ìyá ẹ, Hábíbà, dúró lápá òsì rẹ̀, ó ń nawọ́ sí i, ó ń pe, "Ẹ̀gbọ́n mi," Mùínà sì yí odindi orí kó tó rí i. Mo ní kí gbogbo wọn jáde.

"Mùínà, kí ló ṣe ojú ẹ?"

Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní mi. "Ó ti kú, Ìyá. Ó ti pẹ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ ìjà yẹn. Ẹ̀ṣẹ́ tó kọ́kọ́ bà mí ló ṣú u. Ojú kan ni mo fi jà títí dé ìparí. Mo rò pé kò sẹ́ni tó mọ̀." Ó nu imú. "Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá gbé ife omi wá bá mi, wọ́n nà án sí mi lápá òsì. Wọn ò sọ̀rọ̀. Mi ò rí ife náà títí ó fi kàn mí lẹ́rẹ̀kẹ́. Mo gbójú sókè, mo rí i pé wọ́n ń sunkún. Ìgbà yẹn ni mo lọ di ẹrù mi."

"Wọ́n gbà ọ́ sílẹ̀, o wá bínú sí wọn?"

"Ta ló bínú? Wọ́n ní kí n má lọ, mo lọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa jókòó síwájú wọn, kí wọ́n máa rí i lójoojúmọ́?"

Mo ronú kan gbogbo ọdún tí ọjà ń pè wọ́n ní Mo-rí-nǹkan. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ì bá pa gbogbo wọn lẹ́nu mọ́. Wọn ò sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà pe ọmọ wọn ní olójú kan.

Mùínà ní, "Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu mi, Ìyá. Pé wọ́n jàre. Pé wọ́n tètè dá ìjà náà dúró, òun ni ojú kejì ò fi bá èkínní lọ."

Nígbà náà ni mo sọ fún un. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n lọ, mò ń fún wọn ní kókó mu, wọ́n di ọwọ́ mi mú pẹ̀lú ṣíbí. Mo rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀ nígbà náà, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń wí. Wọ́n ní, "Gbogbo Ìlọrin ní mo yára. Mo pẹ́ ni, Ìyá Mùínà. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i kí n tó ju aṣọ yẹn. Ó ń borí. Mò ń sọ nínú mi pé, díẹ̀ sí i, díẹ̀ sí i."

Mùínà yí orí sí mi, kí ojú tó kù lè rí mi dáadáa.

"Bàbá? Bàbá tó ní ká má gòkè?"

"Àwọn náà ni."

"Wọ́n fẹ́ kí n gba bẹ́líìtì náà?"

Mo ní, "Ọmọ mi, wọ́n fẹ́ kí o gbà á ju bí ìwọ fúnra rẹ ṣe fẹ́ ẹ lọ."